Bí Ẹ Ṣe Lè Ṣọ́ Àpáta Ìlú Yín Kí Omi Tó Gbé E Lọ

Ọjọ́ kan ṣoṣo ni àpáta máa ń wó, ṣùgbọ́n omi ti lè máa jẹ ẹ́ nínú fún ẹgbẹ̀rún ọdún kí ọjọ́ náà tó pé. Kò sẹ́ni tó lè dá wíwó rẹ̀ dúró títí ayé. Ohun tó wà ní ìkáwọ́ ìlú ni pé kí àpáta náà pẹ́ sí i, kí wọ́n tètè mọ̀ bí ó bá ń bọ̀, kí ìrísí rẹ̀ má sì bá a lọ.

Ẹgbẹ́ ọ̀dọ́, ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò, olùkọ́ àti àwọn ará ààfin ní Ìdànrè, Àkúrẹ́, Oǹdó àti abúlé tó yí wọn ká la kọ èyí fún. Owó tó máa ná yín kò tó èyí tí ìdílé kan fi ń dá aṣọ ẹbí. Àwòrán ni kí ẹ kọ́kọ́ yà, lẹ́yìn náà kí ẹ wọn ibi tó sán, kí ẹ tó wá kojú omi. Ẹni tó bá gbé àpò símẹ́ǹtì gòkè lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ti ba iṣẹ́ jẹ́. Ìdí rẹ̀ wà nísàlẹ̀.

Ohun tó ń jẹ àpáta wa

Granite oníhóró ńlá ló pọ̀ jù ní Òkè Ìdànrè. Ẹ lè fi ojú lásán ya àwọn hóró náà sọ́tọ̀: èyí tó ń dán bíi gíláàsì ni quartz, èyí tó funfun tàbí tó pọ́n díẹ̀ ni feldspar, èyí tó dúdú tó ń kọ mànà ni mica. Ní Àkúrẹ́, ẹ ó rí granite, ẹ ó rí gneiss onílà-ìlà, ẹ ó sì rí charnockite tó dúdú mọ́ àwọ̀ ewé. Ọjọ́ orí wọn ju 500 mílíọ̀nù ọdún lọ.

Òjò tó ń rọ̀ ní Àkúrẹ́ lọ́dún kan máa ń ju 1,300 mílímítà lọ, oṣù kẹta sí oṣù kẹwàá ló sì pọ̀ jù. Ìwọ̀nba àsíìdì wà nínú omi òjò, á sì pọ̀ sí i bí omi náà bá gba inú ewé tó ń jẹrà kọjá. Òun ló ń sọ feldspar di amọ̀ funfun. Bí feldspar bá ti di amọ̀, kò sí ohun tó di quartz mú mọ́, ó sì di yanrìn. Yanrìn tí ẹ ń rí nísàlẹ̀ òkè lẹ́yìn òjò ńlá, àpáta yín ni.

Ìpele tó ń bó lára àpáta bíi ti àlùbọ́sà ní ìdí tirẹ̀. Abẹ́ ilẹ̀ jíjìn ni àpáta yìí ti dì. Nígbà tí ilẹ̀ tó wà lórí rẹ̀ ṣàn lọ tán, ẹrù fúyẹ́ lára rẹ̀, ó wú díẹ̀, ó sì sán ní ìpele-ìpele. Oòrùn ọ̀sán àti òjò òjijì ló ń parí iṣẹ́ yẹn. Ẹ fi òòlù kékeré kan ojú àpáta jẹ́jẹ́: ibi tó bá dún gan-an ṣì wà lára àpáta, ibi tó bá dún bí ìkòkò òfìfo ti ṣí kúrò. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì yí ibẹ̀ ká, ẹ yà á ní fọ́tò, kí ẹ má sì fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́.

Ti òkúta ràbàtà tó dá jókòó lórí òmíràn tàbí lórí ilẹ̀ yàtọ̀. Ara rẹ̀ lè le koko, kó jẹ́ pé ohun tó jókòó lé ni àgbàrá ń gbé lọ. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni kí ẹ ti máa wò ó.

Ẹ ya ìrísí rẹ̀ sílẹ̀

Àpáta granite kan wà lórí òkè ní ìpínlẹ̀ New Hampshire, ní Amẹ́ríkà, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jọ ojú bàbá arúgbó. Ojú náà ga tó mítà 12. Láti nǹkan bí 1916 ni wọ́n ti ń fi irin fà á mú. Ní 1958 wọ́n tún fi símẹ́ǹtì àti ike bo pàlàpálá orí rẹ̀, wọ́n sì ṣe gọ́tà tó ń darí omi kúrò. Omi tó ń di yìnyín nínú pàlàpálá ni ọ̀tá rẹ̀ tó le jù, ohun tí àwa kò ní níhìn-ín. Síbẹ̀, ó wó ní ọjọ́ 3 oṣù karùn-ún 2003. Àmọ́ àwòrán àti òdiwọ̀n rẹ̀ wà nílẹ̀. Ní 2011 wọ́n ri àwọn ọ̀pá irin mọ́lẹ̀ létí adágún tó wà nísàlẹ̀ òkè náà; ẹni tó bá dúró síbi àmì tó bá gíga rẹ̀ mu, tó gbójú sókè, á rí ojú bàbá náà níbi tó ti wà rí. Ká ní wọn kò wọ̀n ọ́n tẹ́lẹ̀ ni, wọn kì bá tí rí irú rẹ̀ ṣe.

Fóònù kan náà ni kí ẹ lò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ má fa àwòrán súnmọ́ tòsí. Ọjọ́ tí ojú ọ̀run ṣú díẹ̀ tí òjò kò rọ̀ ló dára jù, torí òjìji oòrùn ọ̀sán máa ń bo ibi tó sán mọ́lẹ̀. Ẹ rìn yí àpáta náà ká, kí ẹ ya fọ́tò kan ní ìṣísẹ̀ kan tàbí méjì, kó jẹ́ pé ohun tó wà nínú fọ́tò kan á tún fara hàn nínú èyí tó tẹ̀ lé e ní ìwọ̀n ìdá 70 sí 80 nínú 100. Ẹ yí i ká lẹ́ẹ̀mẹta: ẹ̀ẹ̀kan tí ẹ lóṣòó, ẹ̀ẹ̀kan tí ẹ dúró, ẹ̀ẹ̀kan tí ẹ so fóònù mọ́ ọ̀pá gígùn. Àpáta tó tóbi tó ilé lè gba fọ́tò 150 sí 300. Ẹ má gbàgbé ọ̀pá ìwọ̀n: igi mítà kan tí ẹ kùn ní dúdú àti funfun ní sẹ̀ǹtímítà 10-10, tí ẹ gbé ti àpáta náà kó lè hàn nínú fọ́tò bíi mélòó kan.

Ètò kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́ bíi Meshroom tàbí WebODM á so gbogbo fọ́tò náà pọ̀ di àwòrán kan tó ṣeé yí sọ́tùn-ún sósì, tó sì ṣeé wọ̀n. Meshroom nílò káàdì NVIDIA nínú kọ̀ǹpútà kó tó lè ṣiṣẹ́ rẹ̀ dáadáa. Bí ẹ kò bá ní irú rẹ̀, ẹ̀ka Applied Geology (ìmọ̀ nípa àpáta àti ilẹ̀) wà ní FUTA l'Ákùúrẹ́, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀ sì máa ń wá iṣẹ́ àṣekágbá. Ibi tí iṣẹ́ yìí ti sábà máa ń bàjẹ́ ni WhatsApp. Bí ẹ bá fi fọ́tò ránṣẹ́ níbẹ̀ bí fọ́tò lásán, ó máa fún un pọ̀, ohun tí ètò náà nílò á sì sọnù. Ẹ fi ránṣẹ́ bíi dókúmẹ́ǹtì, tàbí kí ẹ kó o sórí fùláàṣì. Ẹ ṣe ẹ̀dà mẹ́ta: ọ̀kan ní ilé ẹ̀kọ́, ọ̀kan láàfin, ọ̀kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ẹ tún yan ojúkò mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí ẹ ó ti máa ya fọ́tò kan náà lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, ní oṣù kejì tí ọyẹ́ ń lọ, àti ní oṣù kọkànlá tí òjò ti dá. Ẹ kan ìṣó irin mọ́ ibi ìdúró, ẹ kọ gíga fóònù (mítà 1.5 bójú mu) àti ìhà tó kọjú sí sílẹ̀. Lọ́jọ́ kan náà, ẹ gba ohùn àwọn àgbà tó mọ orúkọ àpáta náà, oríkì rẹ̀ àti ètùtù tó wà fún un, pẹ̀lú ìyọ̀ǹda wọn.

Wíwọn pàlàpálá

Ẹ kọ́kọ́ gba àṣẹ. Àpáta òrìṣà, irú Orósùn ní Ìdànrè, kì í ṣe ibi tí ẹ ó kàn gbé dírílì lọ. Ààfin àti àwọn àwòrò ni kí ẹ lọ bá. Bí wọ́n bá ní kí ẹ má lù ú, ẹ fi gọ́ọ̀mù alápòpọ̀ méjì, irú Araldite, lẹ nọ́ọ̀tì irin kéékèèké mọ́ ojú àpáta tí ẹ ti fọ̀, tó sì ti gbẹ.

Bí wọ́n bá gbà, sukúrúù mẹ́ta tí kì í dógùn-ún lẹ nílò fún ojú sísán kan. Ẹ lu ihò mílímítà 6 wọlé tó sẹ̀ǹtímítà 4 tàbí 5. Kí ihò kọ̀ọ̀kan jìnnà sí etí ibi tó sán tó sẹ̀ǹtímítà 7 ó kéré tán, kí etí náà má baà fọ́. Ẹ fi gọ́ọ̀mù kún ihò, ẹ ti sukúrúù bọ̀ ọ́, kí orí rẹ̀ yọ jáde ní sẹ̀ǹtímítà 1. Ẹ̀gbẹ́ kan ni sukúrúù Kìn-ín-ní àti Kejì máa wà, ìkẹta á wà ní òdìkejì, kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dà bí ìdí ààrò. Káálípà tí àwọn tó ń lọ irin ń lò lẹ ó fi wọ̀n ọ́n, kì í ṣe rúlà.

Ìdí tí sukúrúù fi gbọ́dọ̀ jẹ́ mẹ́ta nìyí. Bí Kìn-ín-ní sí Ìkẹta àti Kejì sí Ìkẹta bá jọ gùn sí i, pàlàpálá náà ń ya ẹnu. Bí ọ̀kan bá gùn tí èkejì kúrú, òkúta ń yọ́ lọ sí ẹ̀gbẹ́ tàbí sísàlẹ̀, èyí sì burú jù. Kìn-ín-ní sí Kejì kò gbọ́dọ̀ yí padà láé, torí orí òkúta kan náà ni wọ́n wà. Bí ó bá yí padà, ọwọ́ yín tàbí káálípà yín ló ní àbùkù, ẹ tún un wọ̀n.

Àárọ̀ kùtù, bí aago mẹ́fà ààbọ̀, ni kí ẹ máa wọ̀n, kì í sì í ṣe ìgbà míì. Ooru máa ń mú kí mítà kan granite gùn sí i ní nǹkan bíi mílímítà 0.008 fún ìwọ̀n Celsius kọ̀ọ̀kan. Òkúta mítà 10 tí ara rẹ̀ fi ìwọ̀n 20 gbóná ju ti àárọ̀ lọ á fi mílímítà 1.6 gùn sí i, pàlàpálá á sì fún pọ̀. Ẹni tó wọ̀n ọ́n láàárọ̀ lónìí, tó wá wọ̀n ọ́n ní aago méjì ọ̀sán lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, oòrùn ló ń wọ̀n. Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan lóṣù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ nígbà òjò, àti lọ́jọ́ kejì òjò ńlá. Ẹ kọ ọjọ́, aago, ojú ọjọ́ àti orúkọ ẹni tó wọ̀n ọ́n sínú ìwé líle, kì í ṣe sórí bébà tí òjò á rẹ.

Ọdún àkọ́kọ́ kì í sọ òtítọ́. Pàlàpálá á máa ṣí, á máa padé pẹ̀lú ọyẹ́ àti òjò. Lẹ́yìn ọdún kan ni kí ẹ wá bi í bóyá ó padà síbi tó wà. Bí kò bá padà, ó ń lọ nìyẹn. Bí ìṣísẹ̀ rẹ̀ bá ń yára sí i, tí oṣù yìí ju oṣù tó kọjá lọ, tí ti oṣù tó kọjá ju ti ìṣáájú rẹ̀ lọ, ẹ kúrò nídìí rẹ̀, kí ẹ pe àwọn onímọ̀.

Àwọn kan máa ń fi POP lẹ ojú sísán kí wọ́n lè mọ̀ bó bá là. Ó dára lábẹ́ àpáta tí òjò kò dé. Níta gbangba, òjò á rẹ POP, á sì là fúnra rẹ̀. Gíláàsì pẹlẹbẹ tín-ínrín tí ẹ fi gọ́ọ̀mù dì ní igun méjèèjì, tí ẹ kọ ọjọ́ sí, ló yẹ níta. Ohun tí gíláàsì lè sọ kò ju pé nǹkan ti mira lọ. Kò lè sọ iye rẹ̀.

Fún ilẹ̀ abẹ́ òkúta, ẹ gba rọ́ọ̀dù bíríkìlà mílímítà 12 lọ́wọ́ ẹni tó ń kọ́lé, ẹ gé e ní sẹ̀ǹtímítà 60, ẹ kàn án mọ́lẹ̀ títí yóò fi ku sẹ̀ǹtímítà 10 lókè. Mẹ́jọ sí mẹ́wàá yíká ìdí àpáta tó. Lóṣooṣù, ẹ wọn èyí tó yọ jáde. Mílímítà kan ilẹ̀ tó lọ lórí ibi tó jẹ́ mítà 10 níbùú, mítà 10 lóròó, jẹ́ lítà 100, ìyẹn kẹ́ẹ̀gì olítà 25 mẹ́rin. Ẹ fi ìyẹn ṣírò ọdún kan, ẹ ó rí i.

Omi

Níbí ni agbára yín pọ̀ sí jù. Ẹ má gun àpáta nínú òjò. Ó ń yọ̀, àrá sì ń sán. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni kí ẹ gòkè. Ìlà dúdú lára àpáta ni ọ̀nà omi. Ibi tí ìlà náà bá dópin ní ẹnu pàlàpálá, omi ń wọlé níbẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ da kẹ́ẹ̀gì omi kan síbẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí ẹnì kan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè nísàlẹ̀, níbi tí òkúta kò ti lè yí lù ú, kó wo ibi tí omi á ti jáde àti iye ìṣẹ́jú tó gbà. Bí omi bá jáde kíákíá tó sì mọ́, ọ̀nà rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Bí ó bá jáde pẹ̀lú amọ̀ funfun, inú ti ń jẹrà. Bí kò bá jáde rárá, ó wà nínú ibẹ̀, ìyẹn ló léwu jù.

Omi tó dúró nínú pàlàpálá ń ti òkúta. Bí pàlàpálá bá jìn ní mítà 5 tí omi sì kún un, agbára tí omi fi ń ti òkúta nísàlẹ̀ jẹ́ ti ìwúwo tọ́ọ̀nù 5 lórí mítà kan níbùú lóròó. Bí pàlàpálá náà fẹ̀ tó ìka kan tàbí tó ẹsẹ̀ bàtà kan, agbára yẹn kò yàtọ̀. Jíjìn rẹ̀ ló ṣe pàtàkì. Ohun tí símẹ́ǹtì ń ṣe nìyí: ẹ dí ẹnu ìsàlẹ̀, omi tó gba ibòmíràn wọlé kò rí ọ̀nà jáde mọ́, ẹ ti so ẹrù mọ́ ẹ̀yìn òkúta náà. Yàtọ̀ sí èyí, símẹ́ǹtì le, kì í bá òkúta mí, á là ní etí láàárín ọdún díẹ̀, á sì bo ojú sísán tó yẹ kí ẹ máa wọ̀n mọ́lẹ̀.

Nítorí náà, ẹ ṣí ìsàlẹ̀, kí ẹ yí òkè padà. Ní ìsàlẹ̀, ẹ fi rọ́ọ̀dù mílímítà 8 tí ẹ tẹ̀ lórí bí ìkọ́ fa ewé, ilẹ̀ àti amọ̀ kúrò lẹ́nu pàlàpálá. Ẹ má fi tu nǹkan o. Òkúta kékeré tó há sáàárín lè jẹ́ òun ló gbé ńlá dúró; ẹ fi í sílẹ̀.

Ní òkè, ẹ fi àpò yanrìn dán an wò ní odindi ìgbà òjò kan. Ẹ to wọ́n ní ìdagẹ̀rẹ̀ lójú ọ̀nà omi, kó máa sọ̀kalẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 2 fún mítà kọ̀ọ̀kan, títí dé ibi tí omi lè gbà lọ láì kan pàlàpálá. Bí ìsọ̀kalẹ̀ bá kéré ju ìyẹn, yanrìn á kún un, omi á fò ó. Bí iṣẹ́ náà bá dára, ẹ wá fi láìmù ìkọ́lé (ìyẹ̀fun funfun, kì í ṣe èso) àti yanrìn, ìwọ̀n láìmù 1 sí yanrìn 3, mọ etí kékeré tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 10, tó fẹ̀ ní 15. Láìmù rọ̀ ju granite lọ. Bí nǹkan bá mira, òun ló máa là, kò ní fa òkúta. Ẹ rẹ ojú rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin-márùn-ún kó má gbẹ lójijì. Lọ́dọọdún, ẹ tún un ṣe kí òjò tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ ronú nípa ibi tí omi tí ẹ darí ń lọ. Bí ó bá lọ bọ́ sórí ilé ẹlòmíràn tàbí ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́, ìjà lẹ gbé kalẹ̀ yẹn. Ẹ to òkúta tó tóbi ju ìkúùkù lọ síbi tó ti ń já lulẹ̀, kí ẹ gbin koríko vetiver ní ìlà ní àyíká rẹ̀: sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15 láàárín ìdì kan àti èkejì, ní oṣù kẹrin tàbí ìkarùn-ún tí òjò ti fìdí múlẹ̀. Tí ẹ bá gbìn ín ní oṣù kẹwàá, ọyẹ́ á pa á. Ẹni tó bá ń kó yanrìn tàbí tó ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé sí ìdí àpáta náà, koríko kankan kò lè ran yín lọ́wọ́ títí yóò fi dáwọ́ dúró.

Iná, igi àti ọ̀dà

Àwọn tó ń fọ́ òkúta tà máa ń jó táyà sórí rẹ̀ kí ojú rẹ̀ lè ṣí. Iná igbó ń ṣe iṣẹ́ kan náà lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ ro ilẹ̀ yíká àpáta ní fífẹ̀ mítà 3 ó kéré tán kí oṣù Kejìlá tó dé, ẹ má sì to igi gbígbẹ tì í.

Gbòǹgbò ọdán àti ọ̀pọ̀tọ́ máa ń wọ pàlàpálá. Ẹ má fà á tu, ó lè fa òkúta dání. Ẹ fi ayùn gé e nísàlẹ̀, kí ẹ sì fi búrọ́ọ̀ṣì kun ojú kùkùté náà pẹ̀lú oògùn apakòríko glyphosate láàárín ìṣẹ́jú 5, pẹ̀lú ibọ̀wọ́ rọ́bà. Bí ẹ bá pẹ́, kùkùté á ti dì, oògùn kò ní wọlé. Gbòǹgbò tó bá ti nípọn ju itan lọ, ẹ bi onímọ̀ kí ẹ tó gé e, torí nígbà tó bá jẹrà tán, ihò tó fi sílẹ̀ á di ọ̀nà omi.

Ọ̀dà tí àwọn ìjọ àti àwọn olóṣèlú fi ń kọ orúkọ sára àpáta ní Àkúrẹ́ kì í jẹ́ kí ara òkúta gbẹ. Ẹ má fi àsíìdì tàbí búrọ́ọ̀ṣì onírin ha á kúrò. Ẹ kàn fòfin de tuntun.

Ìgbà tí ẹ gbọ́dọ̀ jìnnà

Eruku òkúta funfun tuntun nídìí pàlàpálá, òkúta kéékèèké tó ń já lulẹ̀ láìsí òjò, ìró gbì-gbì nínú àpáta lálẹ́, ìwọ̀n tó ń yára: bí ẹ bá rí méjì nínú wọn, ẹ na okùn, kí ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọjá. Òdiwọ̀n ọwọ́ tí à ń lò ni ìlọ́po méjì gíga àpáta láti ìdí rẹ̀: àpáta mítà 30, okùn ní mítà 60. Ibi tí ilẹ̀ bá dagẹ̀rẹ̀ gan-an, ẹ fi kún un. Orílẹ̀-èdè Malta ti fòfin de rírìn lórí àpáta tó ṣe bí afárá létí òkun, tí wọ́n ń pè ní Azure Window, kí ìjì òkun tó gbé e lọ ní ọjọ́ 8 oṣù kẹta 2017.

Bí ilé iṣẹ́ tó ń fọ́ òkúta bá wà nítòsí, ẹ kọ aago tí wọ́n bá yìnbọn àpáta sílẹ̀, kí ẹ wọn pàlàpálá láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Òfin ohun àlùmọ́ọ́nì ti 2007 kò fàyè gba ìwakùsà lórí ibi mímọ́, ibi ìsìnkú àti ibi ìṣẹ̀ǹbáyé. Ìwé ìwọ̀n yín, tó ní ọjọ́ àti orúkọ, ló máa sọ̀rọ̀ níwájú ìjọba ju ẹ̀hónú lọ. Òkè Ìdànrè wà lórí àkójọ àwọn ibi tí Nàìjíríà fẹ́ kí UNESCO gbà wọlé láti 2007. Ẹ fi ẹ̀dà ìwé náà ránṣẹ́ sí àjọ tó ń bójú tó ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, tó ní ọ́fíìsì l'Ákùúrẹ́.

Bí ó bá wá wó ńkọ́? Ẹ má jẹ́ kí wọ́n kó òkúta náà tà lọ́jọ́ kejì. Láti òkèèrè, ẹ ya ojú ibi tó ti já. Àwọ̀ rẹ̀ á sọ ohun tó ṣẹlẹ̀: ibi tó mọ́ tó sì ń dán ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ya lọ́jọ́ náà, ibi tó pọ́n tàbí tó ní amọ̀ ti là tipẹ́. Ẹ wọn òkúta tó tóbi jù nínú èyí tó já, àti bó ṣe jìnnà sí ìdí àpáta tó. Èyí tó kù lókè ti pàdánù ohun tó fara tì, ó lè bọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Lẹ́yìn òjò bíi mẹ́ta tí ohunkóhun kò já, ẹ fi sukúrúù tuntun síbi tó kù, kí ẹ máa wọ̀n ọ́n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún ọdún kan.